LNB Yín Lè Má Tíì Kú: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ṣípù Inú Rẹ̀ Wò

Bí àwòrán bá kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, dìkódà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbá lẹ́yìn. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á gun òrùlé lọ yí díìṣì. LNB, ohun kékeré tó kọjú sí díìṣì lórí apá irin yẹn, òun ni wọ́n máa ń rántí gbẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì rántí rẹ̀ tán, "ó ti jóná" ni wọ́n máa ń sọ. Iṣẹ́ díìṣì ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Àwọn LNB tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, tí mo gbé sórí tábìlì mi tí ara wọn sì le koko, ti kún páálí kan nílé mi.

Ohun tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni pé a kì í bèèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Ìṣirò ìyọkúrò ló ń ṣe. Ṣípù kan wà nínú LNB òde òní, kò tó èékánná ọmọńdinrín yín. Iye kan wà tó ń yọ kúrò lára ìgbì tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Bí ẹ bá ti mọ iye yẹn, ẹ ó lè mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín díìṣì, kébù, LNB àti dìkódà.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà tó lè wọn fólítì àti ámípù, bátìrì fólítì 12 kan (ti ọ̀kadà tó bẹ́ẹ̀), kébù kúkúrú tó ní kọnẹ́ktọ̀ lẹ́nu, àti ojú tó lè ka lẹ́tà wínníwínní.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara rẹ̀

Ìgbì Ku, irú èyí tí díìṣì kéékèèké ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, wà láàárín 10,700 MHz (mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì) sí 12,750 MHz. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò lè rin kébù díìṣì (RG6) jìnnà. Kó tó gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀, kébù á ti gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí LNB fi ní láti wà lókè níbi tí díìṣì ń da ìgbì jọ sí. Á kọ́kọ́ fún ìgbì náà lókun. Lẹ́yìn náà ṣípù á dá ìgbì tirẹ̀, á pò ó mọ́ èyí tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni yóò sì gba kébù sọ̀kalẹ̀. Ìyàtọ̀ náà máa ń bọ́ sí àárín 950 MHz sí 2,150 MHz, ibi tí etí dìkódà gbé sí.

Ìgbì tí ṣípù ń dá yìí ni wọ́n ń kọ sára LNB pé L.O. Lára LNB tí wọ́n ń pè ní Universal, méjì lẹ ó rí: 9.75 àti 10.6 GHz, ìyẹn 9,750 àti 10,600 MHz. Bí ìkànnì tí ẹ ń wá kò bá tó 11,700 MHz, 9,750 ni ṣípù ń yọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, 10,600 ló ń yọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú ara wa. 11,500 yọ 9,750, ó ku 1,750. 12,500 yọ 10,600, ó ku 1,900. Méjèèjì bọ́ sí ibi tí dìkódà ti lè gbọ́. Ká ní iye kan péré ni, ìgbì tó wà lápá òkè ì bá gbà ju ibi tí dìkódà mọ̀ lọ.

Ti C-band, ìyẹn àwọn díìṣì ńlá onínẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ lórí òrùlé láyé ijọ́un, yí padà. 5,150 MHz ni ti ṣípù, ìgbì sátẹ́láìtì sì wà láàárín 3,400 sí 4,200, torí náà ti sátẹ́láìtì la máa yọ lára ti ṣípù: 5,150 yọ 3,800, ó ku 1,350. Ẹni tó bá fi Universal sí mẹ́nù dìkódà níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbi tó ti ń wá ìkànnì.

Màmá kan ní Bódìjà pè mí lọ́jọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun mú LNB kan bọ̀ fún un, ó funfun báláú, ó wúwo dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ wá so ó ti yí díìṣì títí ọrùn rẹ̀ fi gan, ó ní ayédèrú ni, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé owó ọmọ mi ti wọgbó nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Ẹ jẹ́ n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára ná."

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: L.O. 10.75 GHz. Iye kan péré, kì í ṣe Universal rárá. Dìkódà gbà pé 10,600 ni LNB ń yọ, torí náà tí a bá ní kó mú 12,500 wá, 1,900 ló ń lọ tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n 12,500 yọ 10,750 jẹ́ 1,750. Àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, onílé ń ṣí ti ẹ̀yìn. Mo wọ mẹ́nù, mo yí Universal sí iye tí a fọwọ́ kọ, mo tẹ 10750. Àwòrán wọlé kí màmá tó dìde lórí àga. N kò gun òrùlé.

Torí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ka L.O. tó wà lára LNB, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú mẹ́nù dìkódà. Bí lẹ́tà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́ sóòrùn, ẹ fi àwọn iye mẹ́ta yìí dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan: Universal, 10750, 10600.

Ẹ wo irú ìkànnì tó sọnù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dín gígun òrùlé kù jù. Dìkódà ń bá LNB sọ̀rọ̀ gba inú kébù kan náà tí ìgbì ń gbà bọ̀. Fólítì 13 túmọ̀ sí "fún mi ní V", ìgbì tó ń bọ̀ lóòró. Fólítì 18 túmọ̀ sí "fún mi ní H", èyí tó ń bọ̀ ní ìbú. Bó bá fẹ́ kí ṣípù kúrò lórí 9,750 bọ́ sórí 10,600, á fi ìró 22 kHz kan lé orí iná náà. Gbogbo àṣẹ tó ń pa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ìkànnì H nìkan bá lọ tí V ń ṣiṣẹ́, ẹ fura sí fólítì 18. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹnu kébù lókè nígbà tí LNB ṣì ń fa iná, kì í ṣe lẹ́yìn dìkódà. Kébù gígùn tí wáyà àárín rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n kàn fi bàbà kùn lójú lè jẹ fólítì mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá ń fa iná; 18 tó jáde nílé lè dé òkè ní 14, LNB á sì gbà pé V lẹ ń bèèrè.

Bí àwọn tó wà lókè 11,700 bá sọnù tí ti ìsàlẹ̀ wà, ìró 22 kHz ni kò dé. Mítà lásán kì í sábà fi èyí hàn dáadáa. Ẹ yọ suwíìṣì DiSEqC tó wà láàárín (èyí tó ń jẹ́ kí dìkódà kan lo ju LNB kan lọ), bó bá wà, kí ẹ so kébù tààrà. Lọ́wọ́ tèmi, suwíìṣì ló máa ń jẹ̀bi ju LNB lọ, pàápàá èyí tí wọ́n gbé síta láìbò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ nígbà òjò ńlá tó sì padà nígbà tí òjò dá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Òjò ló ń mu ìgbì Ku, ṣípù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ tí òjò dá tán tí kò padà títí oòrùn fi yọ, omi ti wọ ẹnu kọnẹ́ktọ̀. Ẹ tú u, ẹ wo wáyà àárín: bó bá ti hu ohun àwọ̀ ewé, ẹ gé e sẹ́yìn títí bàbà mímọ́ á fi yọjú, kí ẹ fi kọnẹ́ktọ̀ tuntun sí i.

Bátìrì ọ̀kadà àti mítà

Wàyí o, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ yọ dìkódà kúrò lára iná kí ẹ tó tú kébù, torí fólítì ń bẹ lórí wáyà àárín, bó bá sì kan ara kọnẹ́ktọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ń fún LNB níná nínú dìkódà lè lọ.

Lórí tábìlì, ẹ fi mítà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ámípù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tóbi jù. Ẹnu rere bátìrì wọ mítà, mítà wọ wáyà àárín kébù kúkúrú yẹn, ẹnu òdì bátìrì lọ bá ara kọnẹ́ktọ̀. Kí ẹ má ṣèèṣì yí wọn padà.

LNB alẹ́nu kan tí ara rẹ̀ le máa ń fa nǹkan bíi 50 sí 200 mílíámípù. Àwọn oníṣípù tuntun máa ń wà nísàlẹ̀, ti àtijọ́ lókè. Bí mítà bá dúró lórí òfo, iná kò dé inú rárá: ẹsẹ̀ kọnẹ́ktọ̀ ti já tàbí ohun tó ń sọ fólítì 13 àti 18 di fólítì 5 fún ṣípù ti kú. Bó bá fò kọjá 400, nǹkan ti gbá ara wọn nínú, ẹ tètè yọ ọ́. Bó bá sì dúró láàárín, ẹ má tíì sọ pé ara rẹ̀ dá pátápátá, ṣùgbọ́n iná ń dé ibi tó yẹ.

Bátìrì 12 ń ṣiṣẹ́ bí àṣẹ V. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ dán H wò, á so bátìrì méjì pọ̀. 24 nìyẹn, kì í ṣe 18. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Òórùn rẹ̀ kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ṣípù náà lójú

Ògbólógbòó LNB ni kí ẹ fi ṣe èyí. Ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa kò ṣeé dá padà bó ṣe wà, ẹni tó bá sì tú tuntun torí ojúmìító ti pe òjò wọlé.

Ẹ fi ọ̀bẹ gbá ike òde kúrò, ẹ tú sukúrù, ẹ ṣí ìdérí irin. Lẹ́bàá ihò tí ìgbì ń gbà wọlé, ẹ ó rí abẹ́rẹ́ kékeré méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan ní ìbú. Níwájú ìkọ̀ọ̀kan tìràńsísítọ̀ oníẹsẹ̀ mẹ́rin kan wà, ó kéré bí irúgbìn ata. Fólítì 13 ń jí ọ̀kan, 18 ń jí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni LNB ṣe ń yan V tàbí H. Lẹ́yìn wọn ìkẹta wà tó ń fi okun kún ohun tí wọ́n mú wá. Wọn kò kó àwọn mẹ́ta yìí sínú ṣípù, nítorí ariwo ṣípù fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ lọ. Àwọn tìràńsísítọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ohùn sátẹ́láìtì sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ aláriwo.

Lẹ́yìn náà ni ṣípù: dúdú, onígun mẹ́rin, bíi mílímítà 3 sí 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́. Àwọn tí mo máa ń bá pàdé ni TFF1014 ti ilé iṣẹ́ NXP ní Netherlands, àti RDA3560 ti ilé iṣẹ́ RDA ní Ṣáínà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kírísítà onírin fàdákà kan wà tí wọ́n kọ 25.000 sí (àwọn kan ń lo 27). Ibí yìí ni ọgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà. Kírísítà ń lu ìlù ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣípù sì ń di ìgbì tirẹ̀ mọ́ ìlù yẹn. 25 lọ́nà 390 jẹ́ 9,750. Bí ìró 22 kHz bá dé, ṣípù á fi 390 sílẹ̀ mú 424: 25 lọ́nà 424 jẹ́ 10,600. Kò sí sukúrù tí a ń yí.

Bí ẹ kò bá rí ṣípù irú èyí, tí ẹ rí òkúta funfun roboto kan tàbí méjì bí oògùn oníhóró, tí sukúrù sì wà lórí ìdérí níbi tó dojú kọ ọ́, ti àtijọ́ nìyẹn. Òkúta yẹn ló ń dá ìgbì níbẹ̀, ọ̀gangan tí sukúrù wà ló sì ń sọ iye rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí sukúrù náà. Ìlàjì yípo péré lè gbé LNB kúrò níbi tí dìkódà ti lè rí i, ẹ kò sì ní rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fún un ní 12 lórí tábìlì, ẹ fi mítà wá fólítì 5 (tàbí 3.3 nínú àwọn mìíràn) lẹ́bàá ṣípù. Bó bá wà, tí ẹnu tó ń jáde sí kọnẹ́ktọ̀ kò sì já, kírísítà ló kù láti fura sí. Ó máa ń já nígbà tí LNB bá jábọ́ láti orí òrùlé. Nínú irú rẹ̀, iná ń lọ, mítà ń ka iye tó dáa, ṣùgbọ́n ṣípù kò rí ìlù tó máa jó sí. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì pààrọ̀ kírísítà bẹ́ẹ̀ láti ara òkú LNB mìíràn, ó sì jí. Ṣípù fúnra rẹ̀ ni n kì í gbìyànjú láti pààrọ̀. Ẹsẹ̀ abẹ́ yẹn kò ṣe é fi áyọ́ọ̀nù lásán mú, iye tí LNB tuntun ń lọ kò sì tó wàhálà rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bó ṣe péye tó

Èyí kì í ṣe dandan fún ẹni tó kàn fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ó wù mí ni.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n ju sátẹ́láìtì Es'hail-2 ti orílẹ̀-èdè Qatar sókè. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì, wọ́n ń pe ìyẹn ní QO-100. Láti Brasil títí dé Thailand ni ìgbì rẹ̀ bò, ó sì bo ilẹ̀ wa dáadáa. Ní 10,489.500 MHz, ó ń fọn Mọ́ọ̀sì jáde, pí-pí-píí. Ohun tí a ń wá nìyẹn: ìgbì tí a mọ iye rẹ̀ dájú.

Láti Ìbàdàn, ìlà-oòrùn tó fì díẹ̀ sí gúúsù ló wà, nǹkan bíi ìwọ̀n 108 lórí kọ́ńpáàsì, ìwọ̀n 63 sókè láti ilẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí díìṣì tó ń wo sátẹ́láìtì 36°E (ìwọ̀n 36 níhà ìlà-oòrùn) kọjú sí, kó gbé e sókè díẹ̀ sí i, bíi ìwọ̀n 11, kó sì fà á sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀. Díìṣì 80 tàbí 90 sẹ̀ǹtímítà tó.

Ẹ so LNB mọ́ RTL-SDR, ẹ̀rọ rédíò kékeré tó rí bí fúláàṣì tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n iná bátìrì kò gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ láéláé. Ẹ lo bias-tee láàárín, èyí tó ń fi 12 ránṣẹ́ sí LNB tó sì ń dí i mọ́ ọ̀nà kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà nínú RTL-SDR kan fúnra rẹ̀ kì í kọjá fólítì 4.5, kò lè jí LNB.

10,489.500 yọ 9,750 jẹ́ 739.500 MHz. Kò tó 950 tí ìwé LNB sọ, ṣùgbọ́n ó ń gbà á kọjá. Ẹ ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tàn tó ń pa. Ká ní ẹ bá a ní 739.650. Ó ti fi 150 kHz ga jù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye tí ṣípù ń yọ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 390 pín in: kírísítà ń fi nǹkan bíi 385 Hz lọ́ra nínú mílíọ̀nù 25. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ara LNB náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà, ooru ọwọ́ mi nìkan ló ń lé e, ó sì sún ju 10 kHz lọ kí n tó mú ọwọ́ kúrò.

150 kHz kò ní ṣe ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ńlá ní nǹkan kan, torí ìbú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lé ní 30 MHz. Dìkódà á fà á padà láìsọ fún yín. Àwọn tó ń lo ìgbì tẹ́ẹ́rẹ́, bíi rédíò tàbí ẹ̀rọ tó ń gba dátà, ló ń bá wí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè LNB tí wọ́n kọ PLL sí, ìyẹn oníkírísítà. LNB olókúta lè fi mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì kan gbáko yàtọ̀ láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán gangan.

Bó bá jẹ́ pé tuntun lẹ máa rà náà

Ẹ ka L.O. kí ẹ tó sanwó. Ẹ má tẹ̀lé 0.1 dB (ìwọ̀n ariwo LNB) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún yín ní ọjà, mo sì ti rí èyí tí wọ́n kọ 0.1 sí tí èyí tí wọ́n kọ 0.3 sí ṣe dáadáa jù ú lọ lábẹ́ òjò. Ẹ fọwọ́ kan sukúrù kọnẹ́ktọ̀ rẹ̀: bó bá ń mì, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá so ó tán, ẹ fi rọ́bà tàbí téèpù oníke we ẹnu kébù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi lè máa sàn lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń sàn lórí páànù. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ fi máákà kọ iye L.O. sí abẹ́ apá díìṣì, níbi tí oòrùn kò dé.